Kúrómósómù Keje Akọ Muntjac

Nínú ìwé báyọ́lọ́jì tí a kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ akọ àti abo kò ju gbólóhùn kan lọ: abo ní X méjì, akọ ní X kan àti Y kan, iye kúrómósómù àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Bó ṣe rí lára ènìyàn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di òfin tó de gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́mú, ó ti di àṣìṣe, àṣìṣe náà sì ti bímọ. Ọmọ tó bí ni mo fẹ́ bá wí níbí: ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹran kan tó ń jẹ́ muntjac, pé akọ rẹ̀ fi kúrómósómù kan ju abo lọ, àti pé èyí tó fi jù ú lọ yẹn ló sọ ọ́ di akọ.

Ní ti iye, wọn kò purọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún iye náà ni kò dúró.

Muntjac kò sí nínú igbó wa. Ẹran ilẹ̀ Éṣíà ni, láti India títí dé China àti àwọn erékùṣù Indonesia. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹtu lọ, akọ rẹ̀ ní eyín gígùn méjì tó yọ síta lẹ́nu, bí ẹ̀rù bá sì bà á, gbígbó ló máa ń gbó bí ajá. Ẹbí Cervidae ni wọ́n kà á mọ́, ìyẹn àwọn ẹran tí ìwo orí akọ wọn jẹ́ egungun gidi, tó ń já bọ́, tó sì ń hù padà. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, irú kan péré nínú ẹbí yìí ló jẹ́ onílé, ó sì wà lókè àríwá pátápátá, ní agbègbè ààlà Algeria àti Tunisia. Àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ wa ń pa kò sí lára wọn. Ẹbí màlúù àti ewúrẹ́ ni tirẹ̀, ìwo rẹ̀ kì í sì í já bọ́. Mo máa padà sórí àgbọ̀nrín wa yìí, nítorí òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1970 ni Doris Wurster àti Kurt Benirschke gbé ìròyìn kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn méjèèjì ti ń ka kúrómósómù oríṣiríṣi ẹran onípátákò bọ̀. Ẹbí Cervidae kì í ṣe ẹbí oníye kékeré: roe deer ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 70, red deer ní 68. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nínú sẹ́ẹ̀lì muntjac India jẹ́ 6 lára abo, 7 lára akọ. Títí di òní, a kò tíì rí ẹranko afọ́mọlọ́mú tí tirẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ní àkókò náà, iye ti ènìyàn gan-an kò tíì pé ọdún 15 tí wọ́n mọ̀ ọ́n dájú. Joe Hin Tjio àti Albert Levan ló tún un kà ní Sweden, tí wọ́n sì tẹ 46 jáde ní 1956. Ṣáájú ìgbà náà, 48 ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé káàkiri ayé. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ 6 àti 7 tó ní kí wọ́n tún un kà kò jẹ̀bi. Wọ́n tún un kà lóòótọ́. 6 àti 7 náà ni.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dé etí àwọn ènìyàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fà yọ nínú rẹ̀ ni pé nǹkan ti sọnù lára muntjac, pé ẹran tí kò ní ju 6 lọ ti rẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká fi ìbátan rẹ̀ dá wọn lóhùn. Muntjac mìíràn wà ní China tí wọ́n fi sọrí John Reeves, Òyìnbó tó ń bá ilé-iṣẹ́ East India Company yẹ tíì wò ní Canton. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní gúúsù England lè ti pàdé rẹ̀ lójú títì lóru, nítorí láti ọgbà Woburn ní Bedfordshire, níbi tí Duke of Bedford kó o wá, ló ti tàn ká. Bí ẹ bá mú un dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ muntjac India, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ẹ ó pè wọ́n. Kúrómósómù ti China yìí jẹ́ 46, iye kan náà pẹ̀lú ti ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé iye ló ń fi ìbátan hàn, èmi àti ẹ̀yin la ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí muntjac China, ti India yóò sì di àlejò láàárín wa.

Àlàyé tó tọ́ ti wà nílẹ̀ láti 1975, nígbà tí T. C. Hsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé ńṣe ni àwọn kúrómósómù kéékèèké ń so orí mọ́ ìdí ara wọn láti ìran dé ìran, títí wọ́n fi di ọ̀wọ́ díẹ̀ tó gùn. Aṣọ òkè ni mo lè fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde lórí òfì. Bí aránṣọ bá rán ogún awẹ́ pọ̀ di ìró kan, iye ẹyọ ló dín, aṣọ kò dín. Ojú rírán náà ṣì wà fún ẹni tó bá wò ó dáadáa, nítorí ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn kúrómósómù muntjac India ti so pọ̀, wọ́n ti rí àjẹkù irú DNA tó máa ń wà ní ìdìmú, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń di kúrómósómù mú nígbà ìpínyà, àti ní ìpẹ̀kun kúrómósómù. Ní 2020, Austin Mudd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ DNA muntjac méjèèjì jáde. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 lẹ́tà ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn sì bára mu lọ gbọọrọ. Ó bá ti màlúù pàápàá mu. Èyí kò fi hàn pé jíìnì rẹpẹtẹ sọnù lára ti India. Bí wọ́n ṣe dì í ló yàtọ̀.

Bí a bá ti gba èyí, ọ̀rọ̀ akọ àti abo yóò rọrùn láti yanjú. Ẹ wo àwòrán kúrómósómù abo muntjac India lábẹ́ maikirosíkóòpù, ní àkókò tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ pín, tí wọ́n ti kun ún láró. Ẹyọ mẹ́fà péré, ọmọdé lè kà á. Méjì àkọ́kọ́ tóbi débi pé ẹni tó mọ ti ènìyàn lójú yóò kọ́kọ́ rò pé kì í ṣe kúrómósómù. Méjì tó tẹ̀lé wọn kò kéré. Méjì tó gbẹ̀yìn ní àmì kan tí ojú kì í gbàgbé: ọrùn gígùn tín-ín-rín tó so apá kan mọ́ èkejì, bí ẹni pé yóò já. Apá kan ni kúrómósómù tí wọ́n sọ ní 3, apá kejì ni X. Ibi ọrùn yìí ni àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì ti ń di kúrómósómù náà mú láti fà á lọ sí apá kan nígbà ìpínyà, ìdìmú ibẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì muntjac ti di ààyò fún àwọn tó ń wádìí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín.

Ẹ wá wo ti akọ. Méjì ńlá àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, méjì tó tẹ̀lé wọn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kan tó lọ́rùn. Ẹyọ kan tí kò lọ́rùn, 3 tó dá dúró. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹyọ bíńtín kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dá: Y.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú gé ọrùn yẹn kúrò, ká yọ X kúrò lára 3. Lára abo, 1 jẹ́ méjì, 2 jẹ́ méjì, 3 jẹ́ méjì, X jẹ́ méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8. Lára akọ, 1 jẹ́ méjì, 2 jẹ́ méjì, 3 jẹ́ méjì, X jẹ́ kan, Y jẹ́ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8. Wọ́n dọ́gba rẹ́gí, bí ìwé girama ṣe wí. Ẹ wá dá X padà sára 3. Abo ní X méjì, nítorí náà ìsopọ̀ méjì ló ṣẹlẹ̀, 8 sì di 6. X kan ṣoṣo ni akọ ní, ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè ṣẹlẹ̀, 8 di 7. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan kún ti akọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní àlékún jẹ́ 3 kan tí kò rí X so mọ́.

Èyí ló mú kí n kọ etí ikún sí àwọn tó ń fi akọ muntjac wé ènìyàn tí a bí pẹ̀lú kúrómósómù 21 mẹ́ta, ipò tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n: jíìnì tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀dà méjì ti di mẹ́ta. Lára akọ muntjac, ẹ̀dà méjì ni gbogbo jíìnì orí 3 ń jẹ́, ọ̀kan lórí èyí tó lọ́rùn, ọ̀kan lórí èyí tó dá dúró. Ó pé, kò sì lé.

Mo gbà pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló fa apá kan ìdàrúdàpọ̀ yìí, nítorí orúkọ tí wọ́n fún 3 tó dá dúró náà ni Y2, tí wọ́n sì sọ Y gidi di Y1. Ta ló máa gbọ́ Y2 tí kò ní rò pé ó ń ṣe iṣẹ́ Y? Jíìnì tó ń darí ọlẹ̀ sí ọ̀nà akọ ni wọ́n ń pè ní SRY. Ní 1990 ni ẹgbẹ́ Peter Goodfellow àti ti Robin Lovell-Badge ní London wá a rí lórí Y. Ní 1991 wọ́n fi irú rẹ̀ láti ara eku sínú ẹyin eku tó jẹ́ XX, eku tó jáde níbẹ̀ sì ní ẹpọ̀n. Ẹyọ bíńtín yẹn, Y1, ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lára muntjac. Ẹ tún rò ó wò: kí ni Y2 gbé tí abo kò ní? Irú jíìnì kan náà ló wà lára abo, lẹ́ẹ̀mejì pàápàá, tí ó so mọ́ X. Bó bá jẹ́ pé 3 ló ń sọni di akọ, abo muntjac kankan kì bá tí sí láyé.

Ìdí tí wọ́n fi fún un ní Y2 ni ọ̀nà tó ń tọ̀. Nígbà tí ara akọ bá ń ṣe àtọ̀, àwọn mẹ́ta máa ń tò pọ̀: Y di ìpẹ̀kun X mú, 3 tó dá dúró sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀ tó wà lápá kejì ọrùn. Bí wọ́n bá fẹ́ pínyà, èyí tó lọ́rùn yóò gba ọ̀nà tirẹ̀. 3 àti Y yóò jọ gba ọ̀nà kejì. Àtọ̀ tó bá gbé X ní kúrómósómù mẹ́ta, àtọ̀ tó bá gbé Y ní mẹ́rin. Ẹyin abo kì í ní ju mẹ́ta lọ. Mẹ́ta àti mẹ́ta jẹ́ 6, ọmọ abo nìyẹn. Mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ 7, ọmọ akọ nìyẹn. Nítorí náà, 3 tó dá dúró ń lọ láti ọ̀dọ̀ bàbá sọ́dọ̀ ọmọ akọ nìkan. Ó ti di ogún bàbá. Kò fi ìgbà kan jẹ́ Y ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀nà Y ló wá ń rìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba èyí tán lè tún fò lọ sí òdìkejì, kó ní 3 lásán ni, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti dùn jù lójú tèmi, nítorí kúrómósómù tó bá ń rìn ní ọ̀nà Y lè bẹ̀rẹ̀ sí di Y. Ohun tó ń dáàbò bo kúrómósómù nínú ìran ẹranko ni pàṣípààrọ̀: ó máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀, wọ́n a pààrọ̀ ègé fún ara wọn, àṣìdàkọ tó bá wọ inú ọ̀kan yóò sì lè yà kúrò lára àwọn jíìnì rere tó yí i ká. Níwọ̀n ìgbà tí 3 bá ṣì ń ráyè bá ìkejì rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, kò sí ewu púpọ̀. Ohun tó ń tì í mọ́lé ni kí apá ńlá kan lára rẹ̀ já, kó yí orí sí ìdí, kó tún lẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, ìtò wọn kò bára mu mọ́, pàṣípààrọ̀ dópin ní apá náà, àṣìdàkọ tó bá wọlé kò sì ní ọ̀nà àtijáde mọ́.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lára muntjac dúdú, Muntiacus crinifrons, tó ń gbé ní àwọn òkè ìlà-oòrùn China ní Zhejiang àti Anhui. Abo rẹ̀ ní 8, akọ ní 9. X so mọ́ kúrómósómù mìíràn, lẹ́yìn náà ni apá ńlá kan yí po lára ìkejì tí kò so mọ́ X. Qi Zhou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde nínú Genome Biology ní 2008. Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò ju ìdajì mílíọ̀nù ọdún lọ ní ìṣirò wọn. Wọ́n mú jíìnì 23 tó ní ẹ̀dà lápá méjèèjì, wọ́n fi ẹ̀dà ọ̀nà X wé ẹ̀dà ọ̀nà Y. Àṣìdàkọ ti pọ̀ jù ní ọ̀nà Y, lónírúurú, àwọn kan sì wà nínú jíìnì tó dà bí èyí tó lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ gbé ìdajì mílíọ̀nù ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí X àti Y tiwa. Iye tí Zhou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ fún ìgbà tí X àti Y àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú yà kúrò lára ara wọn jẹ́ mílíọ̀nù ọdún 148 sí 166 sẹ́yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Y tó kù sí wa lọ́wọ́ ti gbó, ó ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì tó bá X pín tẹ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bí irú gbígbó bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ara tiwa kọ́ la ó ti wá a. Lára muntjac dúdú, ó ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọrùn tín-ín-rín náà kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Láti ìgbà tí Mary Lyon ti gbé e kalẹ̀ ní 1961 la ti mọ̀ pé nínú sẹ́ẹ̀lì abo ẹranko afọ́mọlọ́mú, ọ̀kan nínú X méjèèjì máa ń dákẹ́. Bí X bá wá so mọ́ 3, kí ni kò ní jẹ́ kí ìdákẹ́ náà ràn dé ara 3, kí òṣùwọ̀n jíìnì ibẹ̀ sì dín? Àwọn tó ń wádìí irú ìsopọ̀ báyìí lára oríṣiríṣi ẹranko rò pé DNA dídì tí kò ní jíìnì, irú èyí tó wà ní ọrùn náà, ló ń ṣe odi láàárín méjèèjì. Èrò náà bá ọgbọ́n mu, nítorí ìsopọ̀ X mọ́ kúrómósómù mìíràn ṣọ̀wọ́n láàárín ẹranko afọ́mọlọ́mú.

Ó kù ẹ̀rí kan tí mo fẹ́ràn. Ní China, wọ́n ti bí àdàlù muntjac India àti ti China, Shi Liming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ nípa rẹ̀ ní 1980. Kúrómósómù 23 láti apá kan, 3 tàbí 4 láti apá kejì, síbẹ̀ ọmọ náà yè, ó sì dàgbà. Ibi tí ìṣòro wà ni ìgbà tó bá kan ṣíṣe àtọ̀, nítorí níbẹ̀ ni kúrómósómù ti gbọ́dọ̀ wá ìkejì rẹ̀ rí. Ara kò bìkítà fún iye ẹyọ bí jíìnì bá ti pé.

Àgbọ̀nrín wa wá ńkọ́, Tragelaphus scriptus, èyí tó wà nínú igbó Òkè-Ògùn àti Old Ọ̀yọ́ National Park? Ti abo rẹ̀ jẹ́ 34. Ti akọ jẹ́ 33. Lọ́tẹ̀ yìí akọ ló dín, ẹni tó bá sì ti gbà pé àlékún ló ń sọ muntjac di akọ yóò wá sọ fún wa bóyá àdínkù ló sọ àgbọ̀nrín di akọ. Ìṣirò kan náà ni, òdìkejì rẹ̀ ló gbà. Lára àgbọ̀nrín, Y ló so mọ́ kúrómósómù mìíràn, èyí tó bá 13 ti màlúù mu. Ìsopọ̀ yìí ti pẹ́ nínú ìdílé rẹ̀, nítorí ó wà lára kudu, nyala àti eland pẹ̀lú, akọ kudu ńlá (greater kudu) ní 31, abo rẹ̀ ní 32. Abo kò ní Y, kò sí ohun tí yóò so mọ́ nǹkan, iye tirẹ̀ kò yí padà. Akọ ní Y kan, ìsopọ̀ kan ṣẹlẹ̀, 34 di 33. Àwọn onímọ̀ tún sọ 13 tó dá dúró ní X2, nítorí pé ó ń bá X wọ inú àtọ̀ tó ń di abo, ó sì lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà bí Y2 ti ṣe. Àtọ̀ tó gbé X ní 17, èyí tó gbé Y ní 16, gbogbo ẹyin ní 17. Ti akọ pé: 13 rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan dá dúró, Y sì so mọ́ ọ̀kan.